Àpótí Pupa àti Àkísà Àgbà: Ìtàn Àtúnṣe Àwòrán Ara Àpótí Eré Fídíò

Ní ọdún 1981, àpótí pupa 2,000 wà ní títò nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Tukwila, ìlú kékeré kan nítòsí Seattle ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, kò sì sí ẹni tó fẹ́ rà wọ́n. Àpótí eré fídíò ni wọ́n: igi ni wọ́n fi kàn wọ́n, wọ́n ga tó àgbàlagbà ènìyàn, wọ́n ní ojú ẹ̀rọ bíi ti tẹlifíṣọ̀n níwájú, ọ̀pá ìdarí àti bọ́tìnnì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ihò sì wà tí oníbàárà yóò sọ owó ẹyọ sí kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Nintendo, ilé-iṣẹ́ Jàpáànù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi fẹsẹ̀ tẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ni ó kó àpótí 3,000 wá láti òkè òkun pẹ̀lú eré kan tí wọ́n ń pè ní Radar Scope nínú wọn. Ìrìnàjò orí omi náà pẹ́. Kí ẹrù tó dé, ọkàn àwọn ènìyàn ti kúrò lára irú eré bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 1,000 péré ni wọ́n rí tà. Ìyókù ń gba eruku, owó ilé-iṣẹ́ náà sì há sínú wọn.

Minoru Arakawa, olórí ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà, ké sí bàbá ìyàwó rẹ̀, Hiroshi Yamauchi, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ní Kyoto, pé kí wọ́n fi eré mìíràn ránṣẹ́, èyí tí yóò lè wọ inú àpótí tó ti wà nílẹ̀. Iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ayàwòrán kan, Shigeru Miyamoto, lábẹ́ àbójútó Gunpei Yokoi. Eré tí ó gbé jáde ni Donkey Kong. Nígbà tí ohun èlò rẹ̀ dé Tukwila, Arakawa, Yoko ìyàwó rẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ tó wà níbẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn tú ikùn àwọn àpótí náà. Wọ́n yọ Radar Scope kúrò, wọ́n fi Donkey Kong rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì fi àwòrán eré tuntun sí ara àpótí. Kódà, orúkọ ẹni tó ni ilé ìkẹ́rùsí náà, Mario Segale, ni wọ́n mú sọ ọkùnrin kékeré tó ń fò sókè nínú eré ọ̀hún. Eré náà tà débi pé àpótí pupa tán nílẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan òmíràn tó jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Nǹkan bí 60,000 ni wọ́n tà ní Amẹ́ríkà. Nintendo tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, orí àpótí pupa 2,000 wọ̀nyí ni ó gùn jáde kúrò nínú ọ̀fìn.

Ìtàn yìí kò sí nínú eré Donkey Kong fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe é lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà lónìí kò lè rí i níbẹ̀. Ara àpótí ni ó wà. Àwọ̀ pupa ni ó ń jẹ́rìí pé àpótí kan wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n yí padà. Èyí tó jẹ́ búlúù, ẹ̀yìn ìgbà tí ewu ti kọjá ni wọ́n kàn án. Àmọ́ àpótí tó ti lé ní 40 ọdún kì í jáde láti inú yàrá abẹ́ ilé tàbí gáréèjì pẹ̀lú ara pípé. Àwòrán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti bó, igun rẹ̀ ti wú, ẹnì kan ti fi ọ̀dà bo ibì kan lára rẹ̀. Ẹni tó rà á yóò wo àwòrán Donkey Kong nínú ìwé, yóò rí i pé búlúù ló pọ̀ jù, yóò sì rò pé ẹnì kan ló kun tirẹ̀ ní pupa. Yóò gbé búrọ́ọ̀ṣì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àpótí náà yóò ti dára lójú, ẹ̀rí rẹ̀ yóò sì ti kú. Ìdí nìyí tí àtúnṣe àwòrán ara àpótí eré fi kọjá ọ̀rọ̀ ẹwà lásán.

Kí ló tilẹ̀ dé tí wọ́n fi ń ya àwòrán sí ẹ̀gbẹ́ àpótí? Ẹ̀rọ ìgbà náà kò lè fi ohun púpọ̀ hàn. Nínú Space Invaders, eré tí Tomohiro Nishikado ṣe fún ilé-iṣẹ́ Taito ní 1978, àwọn ọ̀tá tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè kò ju àmì kéékèèké bí akàn lọ. Lára àpótí tí Midway kàn fún ọjà Amẹ́ríkà, wọ́n di abàmì ẹ̀dá gàgàrà onírun. Bákan náà ni ti Pac-Man, tí Toru Iwatani ṣe fún Namco ní 1980. Lójú ẹ̀rọ, òbìrìkìtì kan tó lanu ni. Lára àpótí Midway, ó ní ojú ńlá, ó ní ẹsẹ̀, ó sì wọ bàtà. Àwòrán ẹ̀gbẹ́ àpótí ni ó ń parí ìtàn tí ojú ẹ̀rọ kò lè sọ tán, òun náà ni ó sì ń pe oníbàárà láti ọ̀ọ́kán nínú ilé ọtí àti ilé ìtajà.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ń gbà ṣe àwòrán náà jù lọ. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni fífín ọ̀dà gba inú àwòṣe tí wọ́n ti gé ihò sí. Ẹni tó bá ti rí àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta tí wọ́n ń fi páànù tí a dárà sí tẹ ẹ̀kọ sára aṣọ yóò tètè lóye rẹ̀: ibi tí ihò bá wà ni ọ̀dà ń gbà kọjá, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní àwòṣe tirẹ̀. Báyìí ni Midway ṣe Pac-Man sórí àpótí aláwọ̀ ìyeyè; báyìí náà ni Williams ṣe Defender àti Joust. Nítorí pé ọwọ́ ènìyàn ló ń gbé àwòṣe lé igi, àwọ̀ kan máa ń yẹ̀ díẹ̀ lára èkejì, etí àwòrán a sì máa rí fúlẹ́fúlẹ́ níbi tí ọ̀dà bá ti fẹ́ wọ abẹ́ àwòṣe. Àpótí méjì kì í jọra délẹ̀délẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni sítíkà ńlá. Atari lo ọ̀nà yìí fún Centipede ní 1981, níbi tí àwòrán ti bo ẹ̀gbẹ́ àpótí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí àwọn atẹ̀wé ṣe ń tẹ fọ́tò olóṣèlú sára ẹ̀wù ìpolongo ni wọ́n ṣe ń tẹ irú àwòrán bẹ́ẹ̀: wọ́n á na aṣọ tínrín sórí férémù, wọ́n á dí ibi tí kò yẹ kí àwọ̀ gbà, wọ́n á sì fi rọ́bà fa íǹkì kọjá lórí rẹ̀. Àwọ̀ kan, férémù kan. Íǹkì náà máa ń nípọn, ó sì máa ń dọ́gba jálẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fi awò wò ó kò ní rí tóótòòtó kankan nínú rẹ̀. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí yóò wúlò níwájú.

Kò sí ẹni tó ṣe gbogbo iṣẹ́ ọnà yìí pẹ̀lú èrò pé yóò pẹ́ láyé. Ohun èlò òwò ni àpótí eré. Owó ẹyọ tó ń wọ inú rẹ̀ ni ẹni tó gbé e kalẹ̀ ń kà. Ọjọ́ tí owó náà bá dínkù ni ìfẹ́ tán. Nígbà tí òwò náà ṣubú ní Amẹ́ríkà láàárín 1982 sí 1984, agbára olówò kò ká àtimáa ra àpótí tuntun mọ́. Ó rọrùn kí ó yọ eré àtijọ́, kí ó sì fi òmíràn sí i. Ní 1985, ẹgbẹ́ àwọn aṣẹ̀rọ eré ní Jàpáànù, tí wọ́n ń pè ní JAMMA, fi ìlànà kan ṣoṣo lélẹ̀ fún bí wáyà eré ṣe gbọ́dọ̀ so mọ́ àpótí, ìyípadà náà sì túbọ̀ dẹrùn. Àmọ́ eré tuntun kò lè máa gbé inú àpótí tó ń polówó eré àná. Wọ́n ra ọ̀dà dúdú, wọ́n sì kun ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bolẹ̀. Nígbà tí SNK wá gbé Neo Geo jáde ní 1990, tí àpótí kan ṣoṣo lè gba eré tó ju ẹyọ kan lọ, àwòrán ẹ̀gbẹ́ tó ń sọ ìtàn eré kan pàtó bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun àtijọ́.

Ọ̀dà dúdú nìkan kọ́ ni ọ̀tá. Ọ̀pọ̀ àpótí ni wọ́n fi pátákó olówó pọ́ọ́kú kàn, èyí tí wọ́n fi ẹ̀ẹ́rún igi àti gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀. Bí omi ìnulẹ̀ bá ń kan ìdí rẹ̀ lójoojúmọ́, tàbí tí àgbàrá wọ yàrá abẹ́ ilé, pátákó náà yóò mu omi, yóò wú bí ẹ̀wà tí a rẹ, àwòrán tó wà lórí rẹ̀ yóò sì sán. Oòrùn tó ń gba ojú fèrèsé wọlé a máa jẹ àwọ̀ pupa àti ìyeyè kí ó tó kan àwọn yòókù. Kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù a máa ha á, ọmọ ilé-ìwé a máa fi kọ́kọ́rọ́ kọ orúkọ sí i, ọ̀mùtí a sì máa fi sìgá tìí.

Àwọn eré náà fúnra wọn rí olùgbàlà. Ní oṣù Kejì ọdún 1997, Nicola Salmoria, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, gbé MAME jáde, ètò kan tó ń jẹ́ kí àwọn eré àtijọ́ ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ eré tí ì bá parẹ́ ni ó rí ibi sá sí. Ṣùgbọ́n ìgbàlà ọ̀kan di ewu fún èkejì, nítorí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ra àpótí àtijọ́, wọ́n ń da ohun inú rẹ̀ nù, wọ́n sì ń gbé kọ̀ǹpútà sí i. Àwọn onímọ̀ pàápàá pín sí méjì. Nígbà tí MoMA, ilé ìkóhun-ọnà-sí ńlá nì ní New York, gba Pac-Man mọ́ ohun ìní rẹ̀ ní 2012, eré náà ni wọ́n gbé síta fún aráyé láìsí àpótí rẹ̀. Ní ìdàkejì, The Strong ní Rochester àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Funspot, ní Laconia, ń tọ́jú àpótí gan-an. Eré ṣeé dà kọ ní ẹgbẹ̀rún ìgbà láìdín. Ọ̀dà tí òṣìṣẹ́ kan fín sára igi ní 1981 kò ní ẹ̀dà kankan. Ibi tó wà náà ni ó wà.

Ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ alátùn-únṣe le nìyẹn. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ gbé irinṣẹ́. Yóò ya fọ́tò àpótí náà láti ìhà gbogbo, yóò wọn àwòrán rẹ̀, yóò sì tẹ́ rọ́bà tínrín tó mọ́ gaara lé e lórí láti da gbogbo ìlà rẹ̀ kọ kí ohunkóhun tó bó sí i. Bí ọ̀dà dúdú bá wà lórí rẹ̀, yóò wá igun kan tó fara sin láti dán agbára èròjà rẹ̀ wò, nítorí èròjà tó ń ṣí ọ̀dà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀dà olówò àti ọ̀dà ilé-iṣẹ́. Àwọn àgbà ló ní ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a bá fagbára mú ní í le koko. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa nu ún, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan, títí ojú Pac-Man yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti abẹ́ òkùnkùn. Ewu ara náà wà níbẹ̀. Methylene chloride tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣí ọ̀dà nílé ti pa àwọn tó lò ó níbi tí atẹ́gùn kò ti tó, ìjọba Amẹ́ríkà sì fòfin de títà á fún aráàlú fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 2019. Atẹ́gùn tó tó àti ìbòmú tó yẹ kì í ṣe àṣejù nínú iṣẹ́ yìí.

Lẹ́yìn ọ̀dà, ó kan igi. Pátákó tó ti wú gbọ́dọ̀ gbẹ pátápátá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bí ó bá ṣì ní agbára, wọ́n á fa gọ́ọ̀mù sínú rẹ̀, wọ́n á sì fi irin dì í mú títí yóò fi le. Bí ó bá ti rà, wọ́n á gé ibi tó rà nìkan, wọ́n á fi pátákó tuntun rọ́pò rẹ̀, wọ́n á sì fi irú àmọ̀ tí àwọn pánẹ́ẹ̀lì bítà fi ń dí ara ọkọ̀ dí ojú àpá rẹ̀ kí wọ́n tó fi sáǹpépà yún un. Etí àwòrán tó ń ṣí ni wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ padà kí ó tó ya.

Ẹ̀yìn èyí ni àwòrán tó kan, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà ti pín. Alátùn-únṣe lè fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré dí ibi tó bó nìkan, kí ó máa po àwọ̀ títí yóò fi bá èyí tó ti ṣá mu. Ibi tí oòrùn ti lè kàn án ni ó gbọ́dọ̀ ti po ó, nítorí àwọ̀ tó bára mu lábẹ́ gílóòbù a máa yàtọ̀ ní gbangba. Ó lè gé àwòṣe tuntun láti inú ìlà tó dà kọ, kí ó sì fín ibi tó sọnù. Ó sì lè ṣe èyí tó yá jù lọ: kí ó há gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ó sì ra sítíkà tuntun tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tẹ̀. Èyí máa ń dán gbinrin. Àmọ́ ẹni tó bá fi awò wò ó yóò rí i pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ àkójọpọ̀ tóótòòtó àwọ̀ mélòó kan, kò sì ní íǹkì nínípọn ti ìgbà férémù. Àwọ̀ kan kò yẹ̀ lára èkejì. Etí kan kò fẹ́. Ó dára ju bí Midway tàbí Atari ṣe ṣe é lọ, ibẹ̀ sì ni irọ́ rẹ̀ wà.

Àríyànjiyàn náà gbóná láàárín àwọn tó fẹ́ràn àpótí wọ̀nyí, ẹ̀yìn méjèèjì ló sì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Àwọn kan gbà pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Wọ́n ní ohun tí wọ́n rí ní kékeré ni wọ́n fẹ́ rí: àpótí tuntun tó ń tàn yòò nínú ilé eré, àti pé ayàwòrán tó ṣe é kò gbèrò kí ènìyàn máa wo àpá àti ìdọ̀tí. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àpótí tí omi ti jẹ tán, tí kò ku ohun kan lára àwòrán rẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí wọ́n wọ ọ́ láṣọ tuntun, pàápàá tó bá jẹ́ irú èyí tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ṣì wà láyé. Àwọn kejì fi òwe mìíràn dáhùn: bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìtẹ̀wé kankan kò lè ṣe ẹ̀dà àkísà. Àmì ibi tí wọ́n ti lu ihò fún àgádágodo, orúkọ tí ọmọ ilé-ìwé fi kọ́kọ́rọ́ kọ, àwọ̀ tó yẹ̀ nítorí pé ó ti rẹ òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ náà, àwọn wọ̀nyí ni ohun tó yà àpótí kan sọ́tọ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún.

Kò sí ìdí kí àríyànjiyàn yìí máa lọ bí ẹni pé kò sí ẹni tó ti rìn ọ̀nà yìí rí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí bọ́ǹbù ti fọ́ àwòrán ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ní Ítálì sí wẹ́wẹ́, Cesare Brandi àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìtúnǹkanṣe tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Róòmù ní 1939 bá ìbéèrè kan náà pàdé. Wọ́n pinnu pé ibi tó sọnù kò gbọ́dọ̀ dá ojú olùwòran dúró, síbẹ̀ àtúnṣe kò gbọ́dọ̀ máa pe ara rẹ̀ ní iṣẹ́ ayàwòrán àkọ́kọ́. Nítorí náà, wọ́n fi àwọ̀ dí ihò náà ní ìlà tín-ín-rín tó tò lóròó. Ẹni tó dúró lókèèrè yóò rí àwòrán kan tó pé. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn yóò rí ìlà wọ̀nyí, yóò sì mọ ibi tí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Àpótí eré kì í ṣe ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì pọn dandan kí alátùn-únṣe rẹ̀ máa fa ìlà lóròó. Ohun tó lè yá lọ́wọ́ wọn ni ìwà: kí ó dí ibi tó sọnù nìkan, kí ó lo ohun tó ṣeé ṣí kúrò bí ẹlòmíràn bá ní ìmọ̀ tó ju tirẹ̀ lọ lọ́la, kí ó sì kọ ohun tó ṣe sínú ìwé pẹ̀lú fọ́tò ṣáájú àti lẹ́yìn, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí níbi tí ẹni tó bá ṣí i yóò ti rí i.

Bí àpótí pupa Donkey Kong bá dé iwájú irú alátùn-únṣe bẹ́ẹ̀, kò ní kánjú. Yóò béèrè ìdí tí ó fi pupa kí ó tó béèrè irú ọ̀dà tí yóò rà. Yóò wo abẹ́ àwòrán tó ń ṣí àti inú àpótí lọ́hùn-ún, níbi tí ọ̀dà olówò kì í dé, láti mọ̀ bóyá pupa náà ti wà níbẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò lẹ etí tó ṣí, yóò tún igun tó wú ṣe, yóò dí ojú ọgbẹ́, yóò sì fi pupa náà sílẹ̀ bí ó ṣe ṣá. Àlejò tó bá wọlé lè sọ pé kò dán tó ti aládùúgbò tó ra sítíkà tuntun. Òtítọ́ ni. Àmọ́ ti aládùúgbò kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé nígbà kan, nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Tukwila, ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ ká apá aṣọ sókè, wọ́n tú àpótí tí ẹnikẹ́ni kò rà, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn yí àdánù padà sí ọrọ̀. Ara àpótí pupa nìkan ló kù tó lè ròyìn ìyẹn, bí alátùn-únṣe bá gbà kí ó sọ̀rọ̀.